Nọ́ńbà Tí Àǹtí Ọgbọọgba Kò Rí Pín

Obìnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ bọ́tìnì tó jẹ́ pé, bó bá ti wo òkìtì bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, á sọ iye páálí tó máa gbà á láìṣẹ́ku ẹyọ kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò nínú yàrá ìdìrù. Tábìlì gígùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwo onígi tí wọ́n dá ihò kéékèèké sí fún kíka bọ́tìnì, àti fèrèsé kan ṣoṣo tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Àǹtí Ọgbọọgba ni gbogbo wọn ń pè é, wọn ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ẹni méjì bá ń du àga ní yàrá ìjẹun, òun ni wọ́n máa ń pè wá. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì kéré, òwú ló fi ń gé ẹyin sísè fún wọn, wọn ò sì jà lórí ẹyin rí láyé wọn. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí.

Ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti kú tipẹ́, àmọ́ òfin rẹ̀ ṣì wà nínú férémù lára ògiri, lókè orí Àǹtí Ọgbọọgba gan-an. Òfin náà ò gùn. Gbogbo páálí tó bá wà nínú ẹrù kan gbọ́dọ̀ gba iye bọ́tìnì kan náà. Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Páálí kan ṣoṣo kì í ṣe ẹrù. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ò sì gbọdọ̀ dá gbé inú páálí. Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ò ní yí títí olórí yàrá ìdìrù á fi kọ bí ẹrù náà ṣe máa pín sílẹ̀, táá sì buwọ́ lù ú, àti pé wọn ò gbọdọ̀ fo oníbàárà kan lọ sórí òmíràn, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ọkọ ọmọ olóògbé yẹn ni ọ̀gá tó ń darí ibẹ̀ báyìí. Ọkùnrin náà bẹ̀rù òfin yìí ju bó ṣe bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù kan wá sórí tábìlì Àǹtí Ọgbọọgba. Wọ́n ti pín ojú fọ́ọ̀mù wọn sí ilé kéékèèké, nọ́ńbà kan ló sì ń gbé inú ilé kan. Níbi tí wọ́n kọ “Iye bọ́tìnì” sí, oníbàárà náà ti kọ 73939133. Níbi tí wọ́n kọ “Nọ́ńbà fóònù” sí, ó kọ 600. Níbi àdírẹ́sì, ó kọ ọ́ pé, “Màá wá gbé e fúnra mi.”

Akọ̀wé ti tẹ 600 lórí fóònù, ariwo bíi ti kòkòrò nìkan ló gbọ́. Ọ̀gá ò tiẹ̀ kọbi ara sí i. Ayọ̀ ti gbà á lọ́kàn.

“Ẹni tó fẹ́ bọ́tìnì tó pọ̀ tó báyìí,” ó wí, “ṣé ó máa ráyè gbé fóònù ni?”

Ó ní kí wọ́n fi epo sí gbogbo ẹ̀rọ, kí wọ́n sì dúró dé ìwé ìpín láti yàrá ìdìrù. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé tó bá pẹ́ jù, á dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àǹtí Ọgbọọgba mú pẹ́ńsù. Ó wo ìparí nọ́ńbà náà, ẹẹ́ta ni, nítorí náà méjì ò lè pín in, márùn-ún náà ò lè pín in. Ó ro gbogbo àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀, wọ́n jẹ́ méjìdínlógójì, mẹ́ta ò wọ inú ìyẹn, nítorí náà mẹ́ta náà ti lọ. Ó fi méje pín in, ó ṣẹ́ku méjì. Ó fi mọ́kànlá pín in, ó ṣẹ́ku mẹ́rin. Ó fi mẹ́tàlá pín in, ó ṣẹ́ku mẹ́jọ. Nígbà tí aago ìdágbére máa fi lù, ó ti lo pẹ́ńsù méjì tán, nǹkan kan ló ṣì ń ṣẹ́kù nígbà gbogbo. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì rẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹ̀rí lọ sílé.

Ọkọ rẹ̀, tó ń tún agbòjò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìsàlẹ̀ ilé wọn, rí i pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

“Kí ló ṣe ọ́, màmá wọn?”

“Nọ́ńbà kan ni. Ó kọ̀ sí mi lọ́wọ́.”

“Ìwọ ni nọ́ńbà kọ̀ sí lọ́wọ́?”

“Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ọkọ rẹ̀ ronú díẹ̀. “Èmi náà ní agbòjò kan ní ìsàlẹ̀ tí kò ṣí, tí kò sì pa dé,” ó wí. “Mo kàn ń kí i láàárọ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ náà ò tù ú nínú rárá.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ ló ti mọ̀. Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ dùbúlẹ̀ sórí àpò, wọ́n ń wo àjà. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ìbọ̀sẹ̀, ó sì ti hun mẹ́tàlá. Tí Àǹtí Ọgbọọgba bá ń kọjá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọgọ́ta ojú á máa bá a lọ, ọgọ́ta ojú á sì bá a bọ̀. Ọ̀gá wá sí yàrá ìdìrù fúnra rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.

“Màmá, ẹ ti gbìyànjú mẹ́rìnlá?”

“Méjì ò pín in, ọ̀gá. Ohun tí méjì ò bá ti pín, mẹ́rìnlá ò lè pín in.”

“Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ méjì dá mẹ́rìnlá lẹ́bi. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ náà.”

Torí pé ọ̀gá ni, ó fi mẹ́rìnlá pín in níṣojú rẹ̀. Ó ṣẹ́ku mẹ́sàn-án. Ọ̀gá wo mẹ́sàn-án náà títí, bíi pé ó máa tijú kó dìde lọ. Ó ní bóyá ibi tí tábìlì kọjú sí ni ò dáa. Wọ́n yí tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ńbà náà ò pín. Ó ní bóyá kí wọ́n máa pín in ní àárọ̀ kùtù kí ara rẹ̀ tó le. Àǹtí Ọgbọọgba dé ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó pín in pẹ̀lú oorun lójú. Ó ṣẹ́kù síbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá kí i nílé. Ìṣirò ni àbúrò yìí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíráámà. Ó mú fọ́ọ̀mù náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì bọ́ bàtà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí pé ara àwọn àìṣeépín ni eléyìí.”

“Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?”

“Nọ́ńbà tí ohunkóhun ò lè pín láìṣẹ́kù, àyàfi ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀. Ẹ lè kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí kan, tàbí kẹ́ ẹ fún bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní páálí tiẹ̀. Ọ̀nà kẹta ò sí.”

“Òfin ti ti ọ̀nà méjèèjì yẹn pa.”

“Nígbà náà ó kù sí òfin lọ́wọ́.”

“Mi ò lè lọ sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo fẹ́ mọ̀ dájú. Ṣé kí n máa pín in lọ títí dé mílíọ̀nù mẹ́tàléláàádọ́rin ni?”

“Rárá o. Ẹ dúró ní 8598. Tí nọ́ńbà kan tó ju ìyẹn lọ bá lè pín in, ẹnì kejì tí wọ́n jọ máa so pọ̀ á kéré sí ìyẹn, ẹ ó sì ti pàdé onítọ̀hún lọ́nà. Àwọn àìṣeépín kéékèèké nìkan lẹ tiẹ̀ máa fi dán an wò, torí inú wọn ni àwọn yòókù ti wá.”

“Mélòó ni wọ́n?”

“Wọ́n lé lẹ́gbẹ̀rún.”

“Ó dáa,” Àǹtí Ọgbọọgba wí, ó sì lọ ra ìwé kíkọ mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Òun ń ṣe tiẹ̀ ní yàrá ìdìrù, àbúrò rẹ̀ ń ṣe tiẹ̀ nílé ìwé, wọ́n sì ń pààrọ̀ ìwé lọ́jọ́ Sátidé kí ọ̀kan yẹ iṣẹ́ èkejì wò. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára débi pé wọn ò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Àǹtí Ọgbọọgba á ní, “Ti 4001 ńkọ́?” Àbúrò rẹ̀ á ní, “Ó ṣẹ́kù.” Ọkọ rẹ̀ á ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” bí ẹni ń kí wọn kú ìdárò. Ní ọjọ́rú kan, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, Àǹtí Ọgbọọgba dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, 8597. Ó wọ inú rẹ̀ lọ́nà 8600, ó ṣẹ́ku 4933. Ó fi pẹ́ńsù lélẹ̀. Ó gbé ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tọ ọ̀gá lọ.

“Kò sí ohun tó lè pín in, ọ̀gá. Mo ti bi gbogbo wọn léèrè.”

Ojú ọ̀gá fà ro. “Kí la wá fẹ́ ṣe?”

“Tẹ́ ẹ bá yọ bọ́tìnì kan ṣoṣo kúrò, ó máa pín sí mẹ́rin geere.”

“Ká yọ ẹyọ kan lára ohun tí èèyàn béèrè? Olè nìyẹn, màmá.”

“Tẹ́ ẹ bá fi ẹyọ kan kún un, ó máa pín sí mẹ́fà.”

“Ká fún oníbàárà ní ohun tí kò béèrè? Rìbá nìyẹn.”

Ọ̀gá gbé òfin náà sọ̀kalẹ̀ láti ara ògiri, ó gbé e lọ sílé, ó sì kà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó pa dà dé, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òfin náà sọ pé òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sínú fọ́ọ̀mù oníbàárà, àmọ́ kò sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fa igi sí i. Fífa igi kì í ṣe kíkọ. Wọ́n á kàn fa igi sí nọ́ńbà kan, wọ́n á fún oníbàárà ní díẹ̀ ná, ìyókù á sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ mìíràn. Torí pé òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ti bo apá òsì fọ́ọ̀mù náà, apá ọ̀tún ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú gègé, ó fa igi sí ẹẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ó ku 7393913.

“Ẹ pín ìyẹn,” ó wí.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Àǹtí Ọgbọọgba fi bá èyí jà, torí pé ibi 2719 ló ti máa dúró. Kò pín. Ọ̀gá fa igi sí òmíràn. Ó ku 739391. Ọjọ́ méjì. Kò pín. Ọ̀gá fa igi. 73939 gba àárọ̀ kan, nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́ta péré ló fi dán an wò. Kò pín.

Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ìtìjú ló ń ṣe obìnrin yìí. Lẹ́yìn náà, inú ń bí i, ó ń tẹ pẹ́ńsù débi tó ń lu ìwé já. Àmọ́ lórí 73939 yìí, nígbà tó rí ohun tó ṣẹ́kù níkẹyìn, ó ṣàkíyèsí pé òun ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ni ò níṣẹ́ ṣe, òun wá ń gbè sẹ́yìn nọ́ńbà. Ó sáré lọ lo fóònù akọ̀wé, ó pe àbúrò rẹ̀ nílé ìwé.

“Wọ́n gé e lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí,” ó wí. “Àìṣeépín ṣì ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” àbúrò rẹ̀ wí, “ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gé e lọ.”

Wọ́n gé e. 7393 ò tó ìdajì wákàtí. Nígbà tó ku 739, ọ̀gá ní òun ò gba ìwé Àǹtí Ọgbọọgba gbọ́ mọ́, ojú òun lòun fẹ́ fi rí i. Ó ní kí wọ́n ka bọ́tìnì àtijọ́ 739 jáde láti inú dúrọ́ọ̀, kí wọ́n dà á sílẹ̀ ní yàrá ìdìrù. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì kúnlẹ̀. Akọ̀wé kúnlẹ̀ tì í. Ìlànà rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá lè to bọ́tìnì náà ní ìlà ìlà, tí gbogbo ìlà sì gùn dọ́gba láìṣẹ́kù, ó ti pín nìyẹn. Wọ́n to ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, bọ́tìnì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá ṣẹ́kù. Wọ́n tú u ká, wọ́n tún un tò. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ti kún ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ ò dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ọ̀gá dìde, òógùn bò ó.

“Ìlà méjìdínlógún,” ó wí. “Mọ́kànlélógójì nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ wá wò ó.”

Àǹtí Ọgbọọgba wá wò ó. Ìlà méjìdínlógún ni lóòótọ́, wọ́n sì dọ́gba. Ó wá wo ilẹ̀ yíká.

“Ọ̀gá,” ó wí jẹ́jẹ́, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.”

“Kí ló wà lẹ́sẹ̀ mi?”

“Mi ò tíì mọ̀. Ẹ gbé e.”

Ọ̀gá ò fẹ́ gbé e. Ó ní ẹsẹ̀ náà ń dun òun. Níkẹyìn ó gbé e, bọ́tìnì funfun kan sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ bàtà díẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọ̀gá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìkòkò. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn rí iṣẹ́ ṣe ni. Ó ní ìyàwó òun máa ń béèrè lójoojúmọ́ pé kí lẹ̀rọ ń ṣe tí òun ò gbọ́ ariwo rẹ̀, torí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ni ilé wọn wà, ó sì ti ń ṣòro fún un láti sùn láìsí ariwo náà. Àǹtí Ọgbọọgba tẹ̀ ba, ó ṣa bọ́tìnì náà, ó sì fún un ní áńkáṣíìfù rẹ̀ kó fi nu ojú.

“Ẹ fa igi, ọ̀gá,” ó wí. “Ká jọ wo ibi tó máa já sí.”

Ó fa igi. Ó ku 73. Wọ́n kó o lé orí tábìlì, kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti mọ̀ pé kò pín. Ó tún fa igi. Ó ku méje. Ọ̀gá ka méje náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbìyànjú méjì méjì. Ó gbìyànjú mẹ́ta mẹ́ta. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín páálí.

“Méje náà,” ó wí. “Méje lásán.”

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ọkùnrin kan tó gbé okùn ìwọ̀n kọ́rùn wọlé láti ojú títì. Télọ̀ ni. Ó ti kanlẹ̀kùn níwájú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí gbogbo wọn ló wà nínú.

“Ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnì mi ńkọ́?” ó béèrè. “Ọ̀sẹ̀ keje rèé. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí mo ránṣọ fún, píìnì ni wọ́n fi ń so àyà aṣọ.”

Ọ̀gá gbé orí sókè. “Mélòó lẹ béèrè?”

“Ẹgbẹ̀ta.”

Akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù náà wá. Télọ̀ náà wò ó, ó wo gbogbo igi tí wọ́n fà sára rẹ̀, ó sì fọwọ́ lu iwájú orí. Ó ní ọjọ́ tóun kọ ọ́, òun ti gbàgbé jígí sí ṣọ́ọ̀bù. Òun kọ iye bọ́tìnì sí ibi fóònù, òun sì kọ nọ́ńbà fóònù sí ibi iye bọ́tìnì.

“Ẹ ò bá ti pè mí,” ó wí.

“A pè yín,” akọ̀wé wí. “Ẹgbẹ̀ta la pè.”

Ọ̀gá dìde, ó di ọwọ́ télọ̀ mú, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí òmíràn tó rọ̀ díẹ̀, torí ọjọ́ iwájú. Télọ̀ ní kò ṣeé ṣe, wọ́n ti kùn ún sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ ewé.

Àǹtí Ọgbọọgba wo ẹgbẹ̀ta. Kò mú pẹ́ńsù. “Páálí méjìlá,” ó wí, “àádọ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.” Ó buwọ́ lù ú, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sán, télọ̀ ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ti lọ. Ilé iṣẹ́ kún fún ariwo, inú gbogbo èèyàn dùn. Inú Àǹtí Ọgbọọgba nìkan ni ò dùn. Méjì pín ẹgbẹ̀ta, mẹ́ta pín in, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti kan ilẹ̀kùn ló ń wọlé. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé nọ́ńbà tí kò níwà ni. Ọkọ rẹ̀ ní òun gbà.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò rẹ̀ tún wá. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè fi nọ́ńbà kan kún un lẹ́yìn, kó gùn sí i, kó sì máa jẹ́ àìṣeépín lọ. Wọ́n jókòó tì í. Gbogbo nọ́ńbà tó bá parí sí òdo, méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fi ẹyọ kan tàbí méje kún un, mẹ́ta á pín in. Ó ku ẹẹ́ta àti ẹẹ́sàn-án, àwọn yẹn pẹ́ kí wọ́n tó fọ́, àmọ́ wọ́n fọ́. Àbúrò rẹ̀ wá sọ fún un pé òun ti wádìí nínú ìwé àwọn tó mọ̀ jù wọ́n lọ, pé nínú gbogbo nọ́ńbà tí èèyàn lè máa gé lẹ́yìn báyìí títí táá fi ku nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí kò sì ní pín rí, èyí ló tóbi jù. Kò sí òmíràn níwájú rẹ̀.

Àǹtí Ọgbọọgba dìde, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ níbi tí fóònù wà, ó sì tẹ nọ́ńbà mẹ́jọ láìwo ìwé.

“Ẹ káàsán o. Èmi ni obìnrin ilé iṣẹ́ bọ́tìnì.”

“Ẹgbẹ̀ta náà pé, màmá,” télọ̀ wí kíá. “Mi ò fẹ́ sí i.”

“Ti bọ́tìnì kọ́. Nọ́ńbà fóònù yín ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.” Ó sì ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí méje títí dé ìparí.

“Ṣé ó léwu?” télọ̀ béèrè.

“Rárá.”

“Ṣé àwọn ilé iṣẹ́ fóònù mọ̀?”

“Mi ò rò pé wọ́n mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní nọ́ńbà ni wọ́n fún yín.”

“Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi,” télọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má sọ fún wọn.”

Ó ṣèlérí pé òun ò ní sọ. Ó béèrè bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ń ṣe, télọ̀ ní wọ́n ti yọ píìnì, aṣọ wọn sì gún régé. Wọ́n dágbére fún ara wọn. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì lọ gbé oúnjẹ fún àbúrò rẹ̀, tó ṣì wà lókè pẹ̀lú ìwé, tó ń wá ọ̀nà láti fi nọ́ńbà kan kún un níwájú.